Rélùwéè Inú Pálọ̀: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ojú Irin Kékeré Sínú Ilé Tí Èrò Pọ̀ Sí

Ẹ̀kọ́ tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé kò sí ojú irin ní Ìkirè, kò sì sí ní Àpòmù. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ìlú méjèèjì wà, mọ́tò la mọ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè ò jìnnà sí wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Ìdó l'Ékòó ní 1896, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Láti Ìbàdàn, ó gba Lálúpọn, Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wá forí lé Ìlọrin àti Jẹ́bà. Odò Ọya ni wọ́n ń wá lọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi yà sọ́dọ̀ wa.

Kí ló wá kàn wá nínú kíkọ́ rélùwéè kékeré? Ìdí ni pé ìṣirò, jọ́gíráfì àti iṣẹ́ káfíńtà pàdé nínú rẹ̀, owó tó ń náni ò sì pọ̀ tí a ò bá ní ká dandan ra ti òkèèrè. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kì í ṣe irin, kì í ṣe páálí. Àyè ni. Mélòó nínú wa ló ní yàrá tirẹ̀? Pálọ̀ tí a fẹ́ kọ́ rélùwéè sí yìí náà ni àbúrò ń sùn sí lálẹ́. Ibẹ̀ ni àlejò bàbá ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni màmá àgbà ń gbà kọjá lóru nígbà tí iná bá lọ, tí wọ́n bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Tí wọ́n bá fẹsẹ̀ kọ pátákó yín, tí wọ́n ṣubú, ọ̀rọ̀ rélùwéè ti parí nílé yẹn, ó sì yẹ kó parí. Nítorí náà, ilé ni ká kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n pé ibo lẹ lè gbé pátákó sí tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni, àbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Bí ibẹ̀ bá ṣe tó ni rélùwéè yín máa ṣe tó.

Ó kan ìṣirò. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù kárí ayé fún irú nǹkan báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní HO. Ohun tó bá jẹ́ 87 lójú ayé á di 1 lórí pátákó. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.70 á di nǹkan bí mílímítà 20. Kọ́ọ̀ṣì tó gùn ní mítà 20 á di sẹ̀ǹtímítà 23. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157. Ẹ pín in sí 87, ó ṣì ku bí i mítà 1,805. Ìyẹn ju máìlì kan lọ! Ta ni pálọ̀ rẹ̀ gùn tó máìlì kan? Tésàn kan péré lẹ máa mú, ẹ ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣirò yìí rèé. Ojú irin àtijọ́ tó gba Ìwó kọjá, àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,067. Ti tuntun tó dé Mọ́níyà n'Íbàdàn jẹ́ 1,435. Tí a bá pín àwọn méjèèjì sí 87, ti Ìwó di 12 àti díẹ̀, ti Mọ́níyà di 16.5. Mílímítà 16.5 gan-an ni ojú irin HO tó wọ́pọ̀ lọ́jà òkèèrè. Ìyẹn ni pé tí ẹ̀gbọ́n yín bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Jámánì, ti Mọ́níyà ló bá mu. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ Ìwó lé e lórí ti fẹ ojú irin àwọn baba wa lójú láìgbàṣẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ yípo. Mi ò gbà yín níyànjú ẹ̀. Nínú HO, ìyípo tó há tó sì wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 láti àárín dé ojú irin. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 72, ẹ fi àyè etí kún un, ó ti di 80. Pátákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi kí àbúrò yín wá ibòmíràn sùn sí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín máa lọ, kó máa bọ̀, lórí ìlà kan tó gún. Pátákó plywood méjì ló tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, kó fẹ̀ ní 30. Èyí tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dára, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Tí ẹ bá so ó pọ̀, mítà 2.4 ni, ìyẹn mítà 209 lójú ayé, ó tó tésàn kan.

Híńjì ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣírí wà. Tí ẹ bá kan híńjì mọ́ ojú pátákó gan-an, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ká a, ilé tésàn á kọlu pátákó kejì, á sì fọ́. Ẹ kọ́kọ́ kan igi kékeré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí etí méjèèjì níbi tí àwọn pátákó ti pàdé, kó má dí ojú irin, kí ẹ wá kan híńjì sórí igi yẹn. Tí ẹ bá ká a báyìí, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 16 á wà láàárín wọn. Ilé tó ga ní mítà 4.5 kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 àti díẹ̀ lọ, nítorí náà kò séwu.

Fún ojú irin Ìwó, ẹyọ ìgbálẹ̀ ló dára jù láti fi ṣe igi ìdábùú abẹ́ irin. Ẹ gé e ní mílímítà 23, kí ẹ tò ó ní mílímítà 8 síra. Nǹkan bí 300 lẹ máa lò, ẹyọ ìgbálẹ̀ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì lè gbé e. (Ẹ tọrọ o, ẹ má kàn fà á yọ lára ìgbálẹ̀ màmá.) Wáyà kọ́pà tí oníná ti gé sọnù ni irin wa; ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tó wà lára ògiri. Ẹ gé páálí tó fẹ̀ ní mílímítà 12, kí ẹ máa fi sáàárín wáyà méjèèjì bí ẹ ṣe ń fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, kí àlàfo má bàa yí padà. Páálí onílà-nílà tí wọ́n ń kó ọjà sí, tí ẹ bá bó awọ òkè rẹ̀, páànù gidi ló jọ. Ẹ po ilẹ̀ pupa mọ́ gáàmù, kí ẹ fi kùn ún, ó dìpẹtà nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ rìn lè yọ mọ́tò kékeré inú ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lo bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì nílé tí ọmọ kékeré wà. Tí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Èyí kì í ṣe àwàdà rárá. Kí mọ́tò náà wà nínú ike tó ní ìdérí tí wọ́n fi sùkúrúù dè.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ ká kọ́ tésàn Ìkirè, kí àwọn tó ń ta dòdò wà lórí pèpéle, kí Àpòmù tẹ̀ lé e. Ó wuyì, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sí etí pátákó gbàǹgbà pé àlá wa ni, nítorí ọmọ JSS 1 tó bá rí i á gbà pé ó wà rí. Èmi á kúkú ṣe tésàn Òṣogbo nígbà ọdún Iléyá, láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ìjọba ń fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó. Èèyàn 40 tó ga ní mílímítà 20, pẹ̀lú báàgì lórí, àti mọ́tò kékeré kan níta tó ń pe èrò Ìkirè.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, ẹ kọ́kọ́ dán kíká rẹ̀ wò. Ẹ kó ọkọ̀ sínú páálí, ẹ ká pátákó, ẹ gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbálẹ̀, kí ẹnì kan máa wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ dín ilé orí rẹ̀ kù.