Bàbá Ìkókó, Jókòó Kí O Gbọ́

Àlàní ọkọ mi, jókòó. Da fóònù yẹn dojú bolẹ̀. Mo ti kí yín kú ọwọ́ lómi, mo ti ṣàdúrà fún ọmọ, ó wá ku èmi àti ìwọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni mí, bí n kò bá bá ọ wí, ta ni yóò bá ọ wí?

Ìyàwó wa bímọ ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgandò, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, o ti wọ ọkọ̀ Ìyánà-Ìpájà lọ síbi iṣẹ́ ní Aláùsá. Ọjọ́ kẹta, Àlàní! Ìjọba Èkó tí o ń bá ṣiṣẹ́ ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2014, nígbà tí Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, pé kí òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ gba líìfù ọjọ́ mẹ́wàá, lórí ọmọ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìjọba àpapọ̀ náà fún àwọn tiwọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 ní 2022. O ní àwọn ará ọ́fíìsì yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ló bímọ ni?

O tún ní bàbá rẹ kò gba líìfù kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí ọ, ìyá wa wà nílé, èmi wà níbẹ̀, àwọn ìyálé wà lójúlé kejì. Kí ìyá rẹ tó lajú, ọmọ ti wẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ti délẹ̀. Nínú fúláàtì yín ní Ẹgbẹ́dá, bí o bá ti jáde láàárọ̀, ta ló kù? Ìyá ìyàwó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà sí Ìjẹ̀bú lọ dojú kọ ọjà rẹ̀.

Mo yà sílé yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù, tíì tí ìyàwó wa pò láàárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó ti tutù, èèrà ti bo búrẹ́dì. Ìyàwó wa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń mu ọmú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún, àti pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Má pè é ní ìmẹ́lẹ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹkún ọlọ́mọ tuntun tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Ẹ jọ lọ, kí ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí ojú má tì yín.

Bí o bá ti dé lálẹ́, fọ ọwọ́, gba ọmọ. Gbé e lé èjìká, rọra máa gbá a lẹ́yìn títí yóò fi gùfẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Máa kì í ní oríkì; bí kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀, ó mọ ohùn rẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún un lómi nítorí ooru Èkó, sọ fún un pé ọmú nìkan ni títí di oṣù mẹ́fà, omi tó tó ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwọ ni kí o gbé e lọ, kí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni kọ́ńpìnnì tí ìyàwó wa ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìdímù ń retí rẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ 12 ni líìfù ìbímọ tí òfin iṣẹ́ fún un, mẹ́fà ti lọ kó tó bímọ. Kọ́kọ́ bi dókítà bóyá ara rẹ̀ gbà á. Bó bá gbà á, òfin yẹn náà ní kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ìwọ akọ̀wé, bá a kọ lẹ́tà rẹ̀ lálẹ́ òní.

Láàárọ̀ ọ̀la, béèrè ní ọ́fíìsì bóyá ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ṣì wà fún ọ. Bí wọ́n bá ní àyè rẹ̀ ti kọjá, yọ ọ́ lára líìfù ọdún rẹ. Mo ń bọ̀ ní Sátidé, n ó ra ẹja tútù bọ̀ láti ọjà Ìkòtún. Ìwọ lo máa sè é.