Ojúṣàájú, Ègbè àti Ẹ̀tanú: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Ó Yẹ Kí Onídàájọ́ Mọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìbìkítà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá farabalẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí olúkúlùkù wọn dúró sí. Ojúṣàájú, ègbè àti ẹ̀tanú ni mo ní lọ́kàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń ba ìdájọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ọkàn ènìyàn kò dọ́gba, ẹni tí kò bá sì mọ orúkọ àrùn tí ń ṣe é, ewé tí kò kàn án ni yóò máa já kiri.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹjọ́ kan tí kò ṣàjèjì ní ọjà wa. Obìnrin kan ra gàrí, ó gbé e délé, ó tún un wọ̀n, ó sì rí i pé kò pé. Ó padà wá, ó ní ìsàlẹ̀ kọ́ńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún òun ni wọ́n ti lù wọnú. Oníṣòwò ta kú pé irọ́ ni. Ni wọ́n bá gbé ara wọn dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, aláṣẹ ọjà.

Bí Ìyálọ́jà bá bojú wo oníṣòwò náà, tí ó rí gèlè olówó iyebíye tí ó wé àti iyùn tí ó fi sọ́rùn, tí ó rántí pé ìyàwó olóyè ni, tí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń jágbe mọ́ ẹnìkejì, ojúṣàájú ni ó ṣe. Ojú ni ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, ojú náà ni ó sì ń wò: ipò, ọrọ̀, ẹwà àti orúkọ ìdílé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí pé ó ń fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, òun sì ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun àti oníṣòwò náà ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ ń dá èésú, tí wọ́n sì ti jẹun nílé ara wọn títí tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì kò fi wọ̀ ọ́ létí mọ́, ègbè ni ìyẹn, nítorí bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Gbígbè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. À ń gbàdúrà lójoojúmọ́ pé kí orí ó gbè wá. Ibi ìdájọ́ ni kò ti yẹ. Níbi tí a bá ti ń kọrin, ẹnìkan ni ó ń lé e, ègbè ni àwọn yòókù fi ń dá a lóhùn, elégbè kì í sì í bi ẹni tí ó lé orin bóyá òótọ́ ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni onídàájọ́ tí ó gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀: orin tí ẹlòmíràn lé ni ó ń gbà, ó sì rò pé ohùn ara òun ni.

Ẹ̀tanú ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí kì í dúró de ẹjọ́ kí ó tó dé. Ojúṣàájú ń fa ẹni tí a fẹ́ mọ́ra. Ẹ̀tanú ń ti ẹni tí a kò fẹ́ sẹ́yìn kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń wí pé a ní ẹ̀tanú sí ènìyàn. Bí Ìyálọ́jà bá wí fún ẹni tí ó ra gàrí, kí ó tó la ẹnu rárá, pé, "Ìwọ náà tún ni? Ìjàngbọ̀n rẹ ti pọ̀ jù," ẹjọ́ ọdún tó kọjá ni ó ń dá. Ẹni tí ó bá sì fi ojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ.

Ẹ̀tanú a tún máa fi ara pamọ́ sínú orúkọ tí a ń pe odidi ìlú. Òṣómàáló ni wọ́n pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àwọn bàbá wa, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, a ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Ajigbèsè a ní ìkà ni. Ta ni ó bi aláṣọ léèrè ọ̀nà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn, ẹrù tí ó gbé, àti iye ìgbà tí wọ́n ti ní kí ó lọ kí ó padà wá? Òwò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ wọn fi ń fi orúkọ náà yangàn lónìí. Ẹni tí ó bá wá gbọ́ lónìí pé Ìjẹ̀ṣà kan ń bá ẹnìkan fa ọ̀rọ̀ owó, tí ó sì ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó jókòó, ẹ̀tanú ni ó fi dá a.

Èdè wa ti to ìgbésẹ̀ ìdájọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún wa: a ń pe ẹjọ́, a ń ro ẹjọ́, a ń gbọ́ ẹjọ́, kí a tó dá ẹjọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò wá gbọ́ tẹnìkan rárá ńkọ́?

Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti wọ òun lára, nígbà tí ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀? Kí Ìyálọ́jà kọ́kọ́ pa àwọn méjèèjì dà lọ́kàn ara rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó olóyè ni ó ra gàrí, ṣé èsì yìí náà ni òun ì bá fọ̀? Bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ni ọ̀kan nínú wọn, kí ó sọ ọ́ síta, kí ó sì pe àwọn àgbà ọjà mìíràn jókòó tì í. Lẹ́yìn èyí, kí ó ní kí wọ́n gbé kọ́ńgò náà wá, kí wọ́n gbé òmíràn tì í, kí wọ́n sì da gàrí láti inú ọ̀kan sí èkejì lójú gbogbo ọjà. Kọ́ńgò kò mọ olóyè, kò sì mọ oníjàngbọ̀n.

Kì í ṣe Ìyálọ́jà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Òbí tí ń parí ìjà ọmọ, olùkọ́ tí ń fi máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá tí ń yan ẹni tí yóò gbà síṣẹ́, onídàájọ́ ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láre, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí bi ara yín léèrè: ojú ta ni mo ń wò? Ẹ̀yìn ta ni mo gbè sí? Ta ni mo ti dá lẹ́bi kí ó tó rojọ́? Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọn láìtan ara rẹ̀ jẹ ni ó yẹ kí á máa gbé ẹjọ́ lọ bá.