ÀÁNÚ ỌLỌ́RUN ÀTI ÌJẸ́WỌ́ Ẹ̀ṢẸ̀: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌJỌ ÀGÙDÀ

Bíbélì kíkà: Lúùkù 15:11-24, Jòhánù 20:21-23

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹbí nínú Ìjọ Àgùdà, síbẹ̀ a máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ènìyàn bíi tiwọn ni wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Àwọn Àgùdà kò sọ pé fádà ló ni ìdáríjì. Ọlọ́run aláàánú ló ni ín. Fádà ń kéde rẹ̀ ní orúkọ Rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe:

1. Ẹ̀dùn ọkàn: kí ẹ̀ṣẹ̀ náà dùn ún, kí ó sì pinnu pé òun kò ní padà sí i.

2. Ìjẹ́wọ́: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tó ṣe. Fádà kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ pa á. Láti ọdún 1215, nígbà ìgbìmọ̀ ńlá Látéránì ní Róòmù, ni òfin ti wà pé kí olúkúlùkù wọn tó ti gbọ́n jẹ́wọ́, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

3. Àtúnṣe: kí ó ṣe ohun tí fádà bá ní kí ó ṣe, kí ó sì dá ohun tó jí padà.

Ẹ rántí Póòpù John Paul Kejì. Ní 13 May 1981, ọkùnrin kan yìnbọn lù ú ní Fatikáànì. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi kéde pé òun ti dárí jì í. Ní December 1983, ó bá a nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n jókòó, wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ọkùnrin náà wà lẹ́wọ̀n ní Ítálì títí di ọdún 2000. Àánú kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwa aláṣọ funfun ńkọ́? À ń gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, à ń tan àbẹ́là, ilẹ̀ opó sì wà lọ́wọ́ wa! Ẹ má ṣe retí pé omi adúrà yóò wẹ ohun tí ẹnu kọ̀ láti jẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ará, ta ni o ṣẹ̀? Lọ bá a kí o tó wá sí tábílì Olúwa (Mátíù 5:23-24). Baba tó sáré pàdé ọmọ onínàákúnàá ń wo ọ̀nà fún ìwọ náà.

Kí Olúwa ṣàánú fún gbogbo wa. Àmín.