FÁÌLÌ ÀJỌLÒ TÓ SỌNÙ LÓRÍ LINUX: BÍ A ṢE Ń WÁ A

Ìfáárà
Ẹ̀kọ́ Yorùbá kò mọ sórí bébà àti bírò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba orin Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní agbègbè Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè gbé kọ̀ǹpútà dání lọ. Àwọn kan nínú wa sì ń lo Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá olórin gbà láti kọrin gan-an ni ètò tí a fẹ́ fi gba ohùn rẹ̀ lè kọ̀, tí kò ní ṣí. Nínú ìpayà, ẹlòmíràn a pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́, kí ó lè tún bẹ̀rẹ̀; iṣẹ́ àṣekágbá a sì bá a lọ.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti dárúkọ ohun tó sọnù. Kí a ka orúkọ náà dáadáa, kí a sì wá ẹni tó ń jẹ́ ẹ gan-an.

Kí ni fáìlì àjọlò?
Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún un jọ ti ilé-ìkàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kàwé níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi pè é ní fáìlì àjọlò: iṣẹ́ kan tí a ti ṣe sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé ní 2008. Onígẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í gbé ìlù tirẹ̀ wá sójú agbo. Ìlù kan náà ni wọ́n jọ ń jó sí. Bí onílù kò bá sí ní ìjókòó, bí ère orí ṣe wù kó dára tó, ijó kò lè bẹ̀rẹ̀.

Àǹfààní méjì ló wà nínú àjọlò yìí. Èkíní, kì í gba àyè púpọ̀. Èkejì, bí a bá tún ọ̀kan ṣe, a ti tún ti gbogbo wọn ṣe. Nígbà tí àṣìṣe Heartbleed hàn síta nínú OpenSSL ní oṣù Kẹrin 2014, ẹni tó sọ fáìlì àjọlò náà dọ̀tun, tó sì tún àwọn ètò tó ń lò ó ṣí, ti dáàbò bo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ó bá sọnù, ètò tó gbára lé e kò ní ṣí.

Bí a ṣe ń wá a
Ẹ̀kọ́ yìí wà fún Ubuntu àti Debian. Ká ní kọ̀ǹpútà kọ báyìí pé:

error while loading shared libraries: libportaudio.so.2: cannot open shared object file

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mo wá libportaudio.so.2, n kò rí i." Nọ́ńbà 2 ìparí yẹn ń sọ irú ẹ̀dà tí ètò náà ń fẹ́.

(i) Ẹ tẹ àṣẹ ldd, kí ẹ fi orúkọ fáìlì ètò náà tẹ̀lé e. Yóò to gbogbo fáìlì àjọlò tí ètò náà ń lò. Èyí tó bá sọnù, "not found" ni yóò kọ sí i. Ẹ má ṣe lò ó fún ètò tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀.

(ii) Ẹ bi kọ̀ǹpútà pé inú ẹrù wo ni fáìlì náà wà:
sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search libportaudio.so.2

(iii) Ìdáhùn rẹ̀ ni libportaudio2. Ẹ gbé e wọlé:
sudo apt install libportaudio2

(iv) Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé fáìlì náà sínú /usr/local/lib, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ẹ tẹ sudo ldconfig kí ó lè ka àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí ńkọ́? Ẹni tó wà ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò lè rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboniṣe Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó níṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí Linux rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan náà, ọ̀rẹ́ yóò tẹ apt-get download libportaudio2, yóò sì fi fláàṣì gbé e wá. Ẹni tó gbà á yóò tẹ sudo apt install ./ pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà, láìsí àlàfo láàárín wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá tún dárúkọ ẹrù mìíràn, ọ̀nà kan náà ni a ó gbà wá a.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe
Ubuntu 22.04, tó jáde ní oṣù Kẹrin 2022, kò gbé libssl.so.1.1 dání mọ́, libssl.so.3 ló fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ètò àtijọ́ tó ń wá 1.1 sì kọ̀, wọn kò ṣí. Àwọn kan wá fún 3 ní orúkọ 1.1. Ẹ̀tàn lásán ni. Ní ibodè Ìdí-Ìrókò, ẹni tó lẹ orúkọ mìíràn mọ́ ẹrù kò tíì yí ohun tó wà nínú ẹrù padà. Bí wọ́n bá tú u, àṣírí á tú. Bẹ́ẹ̀ ni ètò náà yóò yẹ inú fáìlì wò, yóò wá àmì OPENSSL_1_1_0, kò ní rí i, yóò sì tún kọ̀.

Kí a má sì lọ mú 1.1 láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni àwọn tó ni OpenSSL ti dẹ́kun títún 1.1.1 ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ohun tó tọ́ ni kí a wá ẹ̀dà ètò tí wọ́n ṣe fún Ubuntu tí a ń lò.

Ìparí
Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ti fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, tó wá ẹrù tó tọ́, tó sì gbé e láti ibi tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò ní pa iṣẹ́ ọdún kan rẹ́ nítorí fáìlì kan ṣoṣo. Kí ó sì ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó dán ètò rẹ̀ wò kó tó kúrò nílé, nítorí pé bàbá olórin kò ní dúró de kọ̀ǹpútà. Ní ti orúkọ "fáìlì àjọlò," a fi lé ọwọ́ ẹ̀yin onímọ̀ èdè-ìperí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.