Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí àwọ̀ ìbá ṣe. Ẹ wo àwọn irun orí tí ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Nínú irun tí wọ́n ń pè ní onílé gogoro, dídán ìmọ́lẹ̀ lára òwú dúdú ló fi ọgbọ́n ọwọ́ onídìrí hàn wá. Ẹ̀yìn orí ni Ojeikere sì sábà máa ń yà, síbẹ̀ a mọ̀ pé èèyàn iyì la ń wò. Ẹ lè sọ pé fóònù pẹ̀lú ń yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán ni. Ní ti fíìmù, ojú àwòrán 36 péré ló sábà máa ń wà nínú fíìmù 35mm kan, ẹ kò sì ní rí ohun tí ẹ yà títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ mú oníbàárà súnmọ́ fèrèsé, kí ẹ wo ibi tí òjìji imú rẹ̀ bọ́ sí kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà.