Íntánẹ́ẹ̀tì Ọ̀fẹ́ ní Ilé-Ìkàwé: Ta Ló Ń San Án?

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ sáíbà kafé rí, ẹ óò rántí bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹ ó san owó wákàtí kan fún ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò já bébà pélébé kan fún yín tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, aago kékeré kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn ní igun ojú ẹ̀rọ. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, àyà yín á máa já. Ẹni tí kò bá ní owó mìíràn lápò yóò dìde, ì báà jẹ́ àárín lẹ́tà ló wà. Ètò yẹn kò le é yé èèyàn: ẹni tó lò ó ló sanwó rẹ̀. Nínú owó yẹn ni onísáíbà ti ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ló ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè rẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá gbéra lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ilé-ìkàwé kan ní ìlú Houston, mo jókòó ti màmá kan tó ti Ìjẹ̀bú wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Màmá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù ìjọba kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni fọ́ọ̀mù náà sì wà. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé fún un ní bébà pélébé, nọ́ńbà wà lára rẹ̀ bíi ti sáíbà kafé gan-an, aago náà sì wà ní igun ojú ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí kan sẹ́yìn. Màmá ṣí pọ́ọ̀sì. “Èló ni?” Wọ́n ní kò gba owó. Ó wojú mi, ó sì rọra fi Yorùbá bi mí pé, “Ta ló wá ń san án?” Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn púpọ̀. Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ wa lónìí, nítorí ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ níbẹ̀, àwọn kan ti sanwó rẹ̀ kí màmá tó wọlé. A óò wá wọn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ìlú fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sanwó. Ní ọdún 1833, àwọn ará Peterborough, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, fẹnu kò pé kí wọ́n máa yọ nínú owó-orí ìlú ra ìwé tí gbogbo ará ìlú yóò máa yá kà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà yẹn ni àṣà náà ti ràn. Títí dòní, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún dọ́là tó ń wọlé fún àwọn ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 80 tó ń wá láti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó-orí ilé àti ilẹ̀. Ẹ má ṣe pe èyí ní ìṣákọ́lẹ̀ o. Àtìpó ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Owó-orí tí mo ń wí yìí, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń san án fún ìlú lọ́dọọdún, bí ilé rẹ̀ bá ṣe níye lórí sí. Ayálégbé náà kò sì bọ́ níbẹ̀, torí pé onílé ti ro owó-orí rẹ̀ mọ́ owó ilé. Ọmọ màmá yálé gbé ní Houston. Ó ti ń sanwó kọ̀ǹpútà tí ìyá rẹ̀ jókòó sí láìmọ̀. Ṣé ìyẹn yé wa?

Bó bá yé yín, ẹ ó ti rí ibi tó ti ń mẹ́hẹ. Ìlú tí ilé ti wọ́n ni owó-orí rẹ̀ máa ń pọ̀. Ìlú tí ilé rẹ̀ kò tà, owó-orí rẹ̀ kò ní í tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ìlú kejì yìí gan-an ni àwọn èèyàn kò ti ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé, tí ilé-ìkàwé wọn sì máa ń kún jù. Ibi tí àìní pọ̀ sí ni owó kì í tó. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin, a óò padà sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ṣé kò sí olówó kankan tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni?” Ó wà. Andrew Carnegie, ọmọ Scotland tó fi iṣẹ́ irin là ní Amẹ́ríkà, fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìkàwé tó lé ní 2,500 kárí ayé, ó sì lé ní 1,600 nínú wọn tó wà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí bàbá náà ń béèrè kó tó fúnni lówó. Ìlú gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé lọ́dọọdún ni òun yóò máa ná ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé náà láti fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá fún ìlú ní 10,000 dọ́là, ìlú yóò máa yọ 1,000 dọ́là sílẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá fi máa di ọdún kọkànlá, owó tí ìlú ti ná ti ju ti Carnegie lọ. Àwọn ìlú kan wò ó títí, wọ́n ní àwọn kò ṣe. Bàbá yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé owó tí a fi ń ra nǹkan yàtọ̀ sí owó tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. A ó máa pe àkọ́kọ́ ní owó ìrà, a ó sì máa pe ìkejì ní owó ìtọ́jú. Ẹni tó fún yín ní mọ́tò kò ní máa bá yín ra epo.

Nígbà tó di 1997, Bill Gates àti Melinda tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà náà bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni tiwọn. Láàárín bí ọdún mẹ́fà, wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà tó lé ní 40,000 lọ sí ilé-ìkàwé tó tó bí 11,000. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ilé bíríkì a máa lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Kọ̀ǹpútà tó bá lo ọdún márùn-ún ti ń darúgbó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí lásán ni lójú ẹni tó fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù, owó íntánẹ́ẹ̀tì sì rèé, oṣooṣù ni. Ṣé ẹ rí i pé owó ìtọ́jú ló ń lé wa kiri láti ẹ̀ẹ̀kan?

Ibi tó le díẹ̀ la dé báyìí, ẹ fara balẹ̀. Ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ìbánisọ̀rọ̀ tuntun, inú òfin yẹn sì ni ìrànlọ́wọ́ ti yọ fún ilé-ìkàwé. Wọ́n ní àpò owó kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àpò Kárí, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lè kárí tilé-toko. Gbogbo wa ló mọ àjọ dídá. Àpò Kárí jọ àjọ ní dídá, kò jọ ọ́ ní kíkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń dá a: wọ́n á yọ ìdá kan nínú owó tí wọ́n rí lórí ìpè tó kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àti lórí ìpè tó lọ sí òkè òkun. Àwọn tó ń kó o ni abúlé tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fa wáyà dé, tálákà tí kò lè san owó fóònù, ilé-ìwòsàn ìgbèríko, ilé-ìwé, àti ilé-ìkàwé. Ẹ má rò pé àpò ara wọn ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ń yọ ọ́. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ ìwé owó fóònù ọmọ màmá: ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Universal Service sí, owó ọ̀hún sì lè má tó nǹkan. Bí ọmọ náà bá fi fóònù yẹn pe Ìjẹ̀bú-Òde, ó dá sí i nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sanwó báyìí. Bí kò bá yé yín, ẹ padà sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ àjọ, kí ẹ tún un kà.

Ọ̀nà tí owó náà ń gbà dé ilé-ìkàwé ni wọ́n ń pè ní E-Rate. Kì í ṣe pé wọ́n ń kó owó lé ilé-ìkàwé lọ́wọ́. Ẹ̀dínwó ni wọ́n ń fún un. Ẹ̀dínwó náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ga dé 90. Ìdá tó kan ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ ọ̀sán ló ń sọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan tí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ fi ń jẹun ọ̀sán nílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ilé-ìkàwé kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa bi ẹni tó wọlé pé, “Ṣé tálákà ni yín?” Nítorí náà, wọ́n á wo àwọn ilé-ìwé àdúgbò tí ilé-ìkàwé náà wà, wọ́n á ka àwọn ọmọ tí oúnjẹ yẹn tọ́ sí. Bí wọ́n bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀dínwó jẹ́ 90. Bí wọ́n bá wà láàárín 50 sí 74, ó jẹ́ 80. Àdúgbò ọlọ́rọ̀ nígboro tí ọmọ irú bẹ́ẹ̀ kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, 20 péré ni. Ẹ wá fi owó wò ó: íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 1,000 dọ́là lóṣù, ilé-ìkàwé àdúgbò tálákà yóò san 100, ti ọlọ́rọ̀ yóò san 800. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ dì mú ṣinṣin? Ibí ni a ti ń fún un lésì.

Ìlànà rẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Ilé-ìkàwé gbọ́dọ̀ kéde ohun tó ń wá, kó sì dúró fún ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí àwọn ilé-iṣẹ́ wá dárúkọ iye tí wọ́n máa gbà, kó tó mú ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni òfin kan jáde ní ọdún 2000 pé ilé-ìkàwé tó bá gba ẹ̀dínwó íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sí i, bí a ṣe ń sẹ́ ògì, kí àwòrán ìhòòhò má baà jáde sójú ọmọdé. Wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí òfin náà ní 2003. Àgbàlagbà lè ní kí wọ́n gbé asẹ́ náà kúrò fún òun. Àwọn ilé-ìkàwé kan kọ asẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀dínwó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: E-Rate kì í ra kọ̀ǹpútà tí aráàlú ń lò. Ó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣèrànwọ́ lórí wáyà àti ẹ̀rọ Wáífáì inú ilé. Ojú títì ni ó là. Kò ra mọ́tò. Kọ̀ǹpútà, àga, iná, àti owó oṣù òṣìṣẹ́ tó fún màmá ní bébà, ọrùn ìlú ni gbogbo wọn tún padà sí. Ṣé ojú títì àti mọ́tò ti yàtọ̀ síra lọ́kàn yín?

Ó ku kókó kan ṣoṣo, òun ló le jù. Ní ọdún 2000, ìdá tí wọ́n ń yọ fún Àpò Kárí lórí owó ìpè kò tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2024, ó ti ju 30 lọ. Kí ló fà á? Ẹ padà sídìí àjọ wa. Èèyàn mẹ́wàá ń dá ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 10,000. Mẹ́fà kúrò níbẹ̀, 10,000 ni a sì ṣì ń wá. Àwọn mẹ́rin tó kù yóò máa dá 2,500 kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ti fi ìpè fóònù sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pera wọn, wọn kì í sì í yọ owó Àpò Kárí lára owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: fóònù tó ń kú lọ ló ń bọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó pa á. Lójú tèmi, ó yẹ kí íntánẹ́ẹ̀tì náà wá dá sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ pẹjọ́ pé owó-orí ni, pé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọ́dọ̀ gbé e lé FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà 2025, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé àpò náà kò tàpá sófin. Àwa náà ní Nàìjíríà ní irú rẹ̀, USPF, èyí tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá sílẹ̀. Lára owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń san fún ìjọba ló ti ń wá. Ṣé a ṣì jọ wà?

Màmá parí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí òun lè fi pamọ́. Òṣìṣẹ́ náà na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye rẹ̀. Màmá yíjú sí mi: “Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni!” Mo ní, “Màmá, Àpò Kárí kì í ra bébà.” Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó ka ṣílè owó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí kàǹtà.