Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Òfìkì Tó Fẹ́ Ju Bọ́ọ̀lù Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, wọn a sì ju bọ́ọ̀lù bí ọta ìbọn. Ẹni tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lè rìn wá jẹ́jẹ́, kó yí ọrùn ọwọ́, kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ balẹ̀, kó yà, kó sì wó òpó mẹ́ta tó wà lẹ́yìn alátakò tó mú igi. Leg spin ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ó yẹ ọmọ tó tín-ínrín, tó gbọ́n, tó sì ní sùúrù.

Kí ará Òfìkì ní Òkè-Ògùn má sọ pé eré àlejò ni. Èkó ti bá Gold Coast, tó di Ghana lónìí, figagbága nínú kíríkẹ́ẹ̀tì ní 1904. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, àwọn ọmọ Government College, Ìbàdàn, gbá a dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 19 lọ na New Zealand ní ìdíje Ife Àgbáyé ní Kuching, ní Malaysia. Àmì 65 ni tiwa, 63 ni ti New Zealand.

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ìdìmú ló ṣáájú. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò na ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò sórí bọ́ọ̀lù, ní ìdábùú ojú ibi tí wọ́n ti rán an, yóò sì ká ìka òrùka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka òrùka yìí ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ọrùn ọwọ́ bá yí. Ọmọ tó bá mọ òkòtó ta ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: ìka ló ń fún òkòtó lágbára, kì í ṣe èjìká. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀ níhà ẹsẹ̀ alátakò, á sì yà lọ sí ìhà tí igi rẹ̀ wà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nǹkan bíi mítà 20 ló wà láàárín òpó ìhín àti òpó ọ̀hún, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì rẹ̀. Kó fi ewé kan sàmì sílẹ̀, kó máa ju bọ́ọ̀lù sí i títí tí yóò fi ń bà á léraléra. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò ràn án lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ tó rí ṣákaṣàka máa ń gbá bọ́ọ̀lù tó ń yí mú.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yìí, tí a bá mọ̀ ọ́n jù dájú, lè sọni di olókìkí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1993, ní Manchester, Shane Warne ti Australia ju ọ̀kan sí Mike Gatting, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mú igi. Ó fì lójú afẹ́fẹ́, ó balẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yà kọjá igi, ó sì gbá orí òpó ìkangun kejì. Gatting kàn dúró, ó ń wòye. Ìgbà 708 ni Warne lé alátakò kúrò lórí pápá nínú Test, ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, kó tó fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yìí bá ti dáni lójú la tó ń wá àyídà. Bí ọrùn ọwọ́ bá yí kọjá ààlà, tí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sí alátakò, bọ́ọ̀lù á yà sí òdìkejì: googly nìyẹn. Bernard Bosanquet, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i níbi eré orí tábìlì kan. Nígbà tó lò ó ní pápá Lord's ní 1900, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bọ́ọ̀lù náà ta kó tó dé ọ̀dọ̀ Samuel Coe tó mú igi, síbẹ̀ Coe jáde lórí àmì 98. Top-spinner ń yí síwájú, ó ń já lulẹ̀ lójijì, ó sì ń ta sókè. Flipper ni wọ́n ń fún jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka. Ó ń yí sẹ́yìn, ó sì ń yọ̀ lọ nílẹ̀.

Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Eric Hollies, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi googly rẹ̀ pa mọ́ fún Don Bradman, ọmọ Australia tó mọ igi mú, nígbà tí wọ́n jọ pàdé ṣáájú. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, 1948, ní pápá Oval, àmì 4 péré ló kù kí ìpíndọ́gba àmì Bradman nínú Test pé 100. Googly ni Hollies fi ṣe bọ́ọ̀lù kejì tó jù sí i. Bradman kò rí àmì kankan, 99.94 ló sì gbà relé.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ Òfìkì fi àyídà kan ṣoṣo kún ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kó má sì lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá ààlà pápá, kó tún ju òmíràn sókè díẹ̀, kó má bínú sáré. Kó tó ju googly, kó fi àmì ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lóṣòó lẹ́yìn òpó láti mú bọ́ọ̀lù, kó má baà tan ọ̀rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀tá.